Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Ṣé A Lè Ṣírò Ọ̀la?

Ìfáàrà
Ní Cadjèhoun wa ní Kútọnù níbí, ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ariwo bàálù. Kí awakọ̀ tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ mọ bí afẹ́fẹ́ àti òjò yóò ti rí. Wákàtí 24 tàbí 30 ni irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kárí. Ẹ bi àwọn ọmọ: kí ló dé tí kì í ṣe oṣù mẹ́fà?

Èrò Laplace
Ní 1814, Pierre-Simon Laplace, ará Faransé, kọ ọ́ pé ọgbọ́n tó bá mọ ipò gbogbo nǹkan lásìkò kan, pẹ̀lú agbára tó ń darí wọn, yóò rí àná àti ọ̀la kedere. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Irú ìṣirò yìí la fi ń mọ ọjọ́ tí òṣùpá yóò bo oòrùn.

Iṣẹ́ kíláàsì (ẹ fara balẹ̀ níbí)
Ní 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ ojú ọjọ́, ń tún ìṣirò ojú ọjọ́ kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà. Dípò 0.506127, ó tẹ 0.506. Òfin kan náà ni kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ojú ọjọ́ méjèèjì kò jọra mọ́ rárá.

Kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe é. Òfin wa: sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì, bó bá ti tó 1, yọ 1 kúrò. Kí ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti 0.506, kí èkejì bẹ̀rẹ̀ láti 0.506127.

Ìgbésẹ̀ 1: 0.012; 0.012254
Ìgbésẹ̀ 8: 0.536, 0.568512
Ìgbésẹ̀ 12: 0.576, 0.096192

Ní ìgbésẹ̀ kẹjọ, àlàfo àárín ìlà méjèèjì ti di ìlọ́po 256 ti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí babaláwo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ yóò mọ iye yẹn: awẹ́ mẹ́jọ, ojú méjì méjì, odù 256. Kò sí oríire tàbí oríburúkú nínú ìlà wa méjèèjì. Òfin kò yẹ̀, síbẹ̀ a ṣìnà, torí ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò pé. Ta ló sì lè wọn afẹ́fẹ́ etí òkun yìí láìku bíńtín?

Turing
Kódà bí ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ bá pé, ìdènà mìíràn wà: ní 1936, Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò, fi hàn pé kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè sọ, fún gbogbo ìṣirò, bóyá yóò parí tàbí kò ní parí láé. Ìṣirò tí òfin dè látòkè délẹ̀ ló ń sọ o!

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Fi 0.5061 bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ wo ni àlàfo rẹ̀ sí ti 0.506127 yóò kọjá 0.03? (Fún olùkọ́: ìkọkànlá ni. Pẹ̀lú 0.506, ìkẹjọ ni. Nọ́ńbà kan tí a fi kún un, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré la fi jèrè.)