Fáìlì Tí A Pa Rẹ́ Tí Kò Lọ

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọgbà yunifásítì ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ project. Mo fẹ́ ta kọ̀ǹpútà kan kí n fi owó rẹ̀ kún ti tuntun. Mo pa gbogbo fáìlì oníbàárà rẹ́, mo tún kó Recycle Bin dànù. Àfi bí ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣe ki sọ́fítíwíà kan bọ̀ ọ́, ló bá ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: project, fọ́tò, èsì WAEC ọmọ ọlọ́mọ. Ojú tì mí. Níbo ni wọ́n sá pamọ́ sí? Àbí kí n kúkú fọ́ ọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín rárá. Ẹ̀yin tilẹ̀ ro ti oníbàárà kí ẹ tó tajà. Ọ̀pọ̀ ni kì í rò ó. Ohun tó rú yín lójú ni pé ẹ pa fáìlì rẹ́, ẹ sì da ìdọ̀tí rẹ̀ nù, síbẹ̀ ó tún jí dìde. Kò sá lọ síbì kankan o. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà.

Lédè wa, ohun tó bá ti parẹ́ ti lọ nìyẹn. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo oko iṣu kan lọ́nà Ọ̀yẹ́. Ká ní onílẹ̀ yọ orúkọ àgbẹ̀ kan kúrò nínú ìwé àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀. Nínú ìwé, ilẹ̀ ti ṣófo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé oko, ebè wà níbẹ̀, iṣu sì wà nínú ebè. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ lọ á wa iṣu jáde. Ìgbà tí àgbẹ̀ mìíràn bá tú ebè yẹn, tó kọ tuntun, tó gbin tirẹ̀ sí i, ni iṣu àkọ́kọ́ tó lọ.

Kọ̀ǹpútà náà ní irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní kó pa fáìlì rẹ́, inú ìwé ló ti ń sàmì pé àyè ibẹ̀ ṣófo. Kì í fọwọ́ kan ohun tó wà lórí dísìkì. Sọ́fítíwíà ọmọ yẹn kò yẹ ìwé wò. Oko ló gbà lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ da fídíò ńlá kan kọ láti orí fláàṣì sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó dúró títí. Ẹ wá pa á rẹ́: kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Bó bá jẹ́ pé ó ń nù ún ni, ìbá pẹ́ bí ìgbà tó ń kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ ebè mìíràn lé e. Bó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ló wà níbẹ̀, ẹ wọ Settings, ẹ wá Reset this PC, ẹ yan Remove everything. Kí ẹ tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ Change settings, kí ẹ tan Clean data. Ibi kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀yin náà sì mọ ìṣe iná ìjọba. Ẹ dúró di ọjọ́ tí epo bá wà nínú jẹnẹrétọ̀. Bó bá jẹ́ háàdì dísìkì tí a ń gbé kiri, ẹ fọ́ọ̀máàtì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì tó wà níwájú Quick Format kúrò.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé ìgbà 35 ni a gbọ́dọ̀ kọ nǹkan lé e. Ọ̀rọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Peter Gutmann, ní 1996 ló ti wá, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé dísìkì òde òní kò nílò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó.

Dísìkì SSD àti fláàṣì yàtọ̀ díẹ̀, nítorí wọ́n máa ń ṣí nǹkan kiri nínú ara wọn, kíkọ nǹkan lé wọn lè má kárí. Nítorí náà, fún kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ fẹ́ rà, bí Windows rẹ̀ bá ní BitLocker, ẹ tan án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá kó síbẹ̀ á wà ní títì, lọ́jọ́ títà ẹ ó kàn sọ kọ́kọ́rọ́ nù ni. Ti fífọ́, ẹ fi sílẹ̀ àyàfi bí dísìkì bá ti kú tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́. Nígbà náà, òòlù dára. Ẹ má dáná sun ún. Èéfín rẹ̀ burú.

Ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe àwọn tó jù wá lọ. Ní 2003, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat ní yunifásítì MIT jábọ̀ pé àwọn ra háàdì dísìkì àlòkù 158. Nínú 129 tó ṣiṣẹ́, 12 péré ni wọ́n nù dáadáa. Ní 2009, àwọn akọ̀ròyìn ra ọ̀kan ní Ghana ní 40 dọ́là, wọ́n sì bá ìwé àdéhùn Northrop Grumman nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà fún Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni èyí tí ẹ fẹ́ tà yìí, bóyá òun náà gbé àṣírí ẹlòmíràn kọjá òkun wá bá yín, tí ẹ kò mọ̀.

Bó bá ti parí, ẹ má tíì gbé e fún oníbàárà. Ẹ pe ọmọkùnrin yẹn padà, kó tún ki sọ́fítíwíà rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa wò ó.