Ṣúgà Tí A Ò Fojú Rí: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ṣíbí Kà Á

Lóṣù tó kọjá, bàbá mi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní dókítà sọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ó ti sún mọ́ ọn. Màmá mi ní, "Ẹ ò kúkú fi ṣúgà sí tíì mọ́ láti èṣí!" Òótọ́ ni. Níbo wá ni ṣúgà yẹn ń gbà wọlé?

Mo mú ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí bàbá mi máa ń mu tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ka ara rẹ̀. Gíráàmù ṣúgà 11 ló wà nínú mìlílítà 100, ìgò náà sì jẹ́ mìlílítà 500. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 11 lọ́nà 5 jẹ́ 55. Ṣíbí tíì kan ń gba bíi gíráàmù 4. Ó túmọ̀ sí pé ṣúgà tó lé ní ṣíbí 13 ló wà nínú ìgò kan ṣoṣo! Mo bu ṣíbí 13 sínú kọ́ọ̀bù, mo gbé e síwájú bàbá mi. Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ mu gbogbo èyí?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ohun tí ẹ mu lánàá nìyẹn." Wọn ò fèsì.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ju nǹkan bíi gíráàmù 50 lọ. Tó bá lè wálẹ̀ sí 25, ìyẹn ṣíbí 6, á tún dáa jù. Wọ́n ka oyin àti jùùsì mọ́ ọn, àmọ́ wọn ò ka èso tútù tí a jẹ lódindi.

Kí ló dé? Èso ní fọ́nrán nínú, a sì ní láti jẹ ẹ́ lẹ́nu, nítorí náà ṣúgà rẹ̀ ń rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ti ẹlẹ́rìndòdò kì í dúró rárá. Àwa tí a máa ń fún ọsàn mu, tí a sì ń ju inú rẹ̀ nù, inú tí à ń jù nù yẹn ni fọ́nrán wà!

Kì í ṣe ṣúgà nìkan ló ń fa àtọ̀gbẹ o. Ó lè wà nínú ìdílé. Sísanra jù àti àìṣeré ìdárayá náà ń dá kún un. Àmọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹ yẹ ara mọ́ọ̀tì tí à ń pè ní oògùn ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ yẹ bíìsíkíìtì àti jùùsì inú páálí wò.

Abẹ́òkúta yìí náà la wà. Ẹ dé ọjà Lafẹ́nwá tàbí Kútọ̀: ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àgbọn, ẹ̀pà, tí àsìkò rẹ̀ bá tó, agbálùmọ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọn ò bó funfun ṣì ní eèpo tín-ínrín lára. Làfún wa kò ní ṣúgà tí a bù sí i, àmọ́ ó ń di ṣúgà nínú ara, nítorí náà ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ fi ewédú àti ẹ̀fọ́ kún un.

Nílé wa, omi ló rọ́pò ìgò. Kò rọrùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi tí mò ń kọ ìwé yìí yọ́ lọ ra ẹlẹ́rìndòdò lásìkò ìsinmi, ojú sì tì mí. Ní báyìí, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń rà. Bàbá mi máa padà lọ ṣe àyẹ̀wò lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tí wọn ò mu.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ka ara ohun mímu tí o fẹ́ràn jù. Ṣíbí mélòó ló wà nínú rẹ̀? Kọ iye rẹ̀ sórí bébà, kí o sì wá lẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ àpilẹ̀kọ yìí.