Orúkọ Tí Ó Di Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ rere nìkan ni í pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí í ṣe “boycott”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí àwọn ènìyàn fi ìmọ̀ ṣọ̀kan láti pa ẹnì kan tì: wọn kò ní rà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò ní tà fún un, wọn kò sì ní bá a ṣiṣẹ́. Orúkọ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Charles Cunningham Boycott, ọdún 1832 ni a sì bí i. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun, ó lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ Írẹ́lándì. Ní agbègbè Mayo, ó di alábòójútó ilẹ̀ fún ìjòyè kan, Lord Erne. Òun ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún 1879 irè oko kò dára, ìyà sì ń jẹ àwọn mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1880 wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ ìdámẹ́rin kúrò nínú ìṣákọ́lẹ̀ náà. Ìdámẹ́wàá péré ni onílẹ̀ gbà láti yọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù September ọdún náà, Charles Stewart Parnell, olórí ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn àgbẹ̀, bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ìlú Ennis. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí ó tọ́ sí ẹni tí ó bá gba oko tí a lé ẹlòmíràn kúrò lórí rẹ̀. Àwọn kan kígbe pé kí a pa á. Parnell ní ọ̀nà tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ wà: kí wọ́n yẹra fún un lójú ọ̀nà, ní ọjà, àní ní ilé ìsìn pàápàá.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, Boycott fi ìwé ìlélẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ tí ó jẹ gbèsè. Ìmọ̀ràn Parnell ni àwọn ará àdúgbò fi dá a lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ fi oko rẹ̀ sílẹ̀, alágbẹ̀dẹ kò ṣiṣẹ́ fún un mọ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò ta oúnjẹ fún un, ẹni tí ń mú lẹ́tà wá kò sì wá mọ́. Nǹkan bí 50 ọkùnrin ni ó ti ọ̀nà jíjìn wá bá a kórè, sọ́jà àti ọlọ́pàá tí ó tó 1,000 sì ń ṣọ́ wọn. Irè tí kò ju nǹkan bí 500 pọ́n-ùn lọ ni a ná owó tí a ṣírò sí 10,000 pọ́n-ùn lé lórí. Nígbà tí oṣù December wọlé, Boycott kó ẹbí rẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

James Redpath, akọ̀ròyìn láti Amẹ́ríkà, ń wá orúkọ tí yóò pe ìjà tí kò ní kùmọ̀ yìí. Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, John O'Malley, ní kí wọ́n kúkú fi orúkọ Boycott pè é, kí ó lè yé àwọn àgbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni àwọn Faransé àti àwọn ará Jámánì gbà á sínú èdè tiwọn.

Ní Montgomery, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn dúdú lo ohun ìjà yìí kan náà. Láti oṣù December ọdún 1955, wọ́n kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì ìlú fún ọjọ́ 381, títí òfin tí ó ya dúdú nípá kúrò lára funfun nínú ọkọ̀ fi wó.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Boycott ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ó sì ní ológun lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì kórè oko rẹ̀, ni àwọn tí ó fẹ́ lé jáde.