Ọ̀rá Tí Ẹnu Ẹnikẹ́ni Kò Kàn

Ìdáhùn sí lẹ́tà "Ọmọ Ọlọ́nà", Ìbàdàn

Ọmọ Ọlọ́nà, lẹ́tà rẹ gùn, mo sì kà á dé ìparí. Mo ti gbọ́ ti ère ẹja àrọ̀ tó ga jù ọ́ lọ tí o fẹ́ fi ṣe àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ, ti bàbá rẹ tó ní ó yẹ kí o ti máa ṣiṣẹ́ ní báǹkì báyìí, àti ti olùkọ́ rẹ tó ní iṣẹ́ náà "kò sọ̀rọ̀ tó." A ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà lójú ìwé kejì tí o kọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, òun ni kò jẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán lọ lọ́nà ọ̀fun mi. O ní: "Mo ra rọ́ọ̀lù ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tuntun méjì lọ́wọ́ oníléeṣẹ́ omi kan, torí èyí tó wà nílẹ̀ dọ̀tí, ó sì ń rùn."

O rà á!

O fẹ́ bá àwọn ará Ìbàdàn wí pé wọ́n ń da ọ̀rá sódò, o wá kó owó lọ ra ọ̀rá tí kò tíì dé ìgboro rárá, kí o lè fi ṣe ẹja tí ọ̀rá pa. Bí ìpàtẹ bá parí ńkọ́? Ọ̀rá tó wà nílùú yóò ti fi rọ́ọ̀lù méjì lé sí i. Ta ni yóò wá gbẹ́ ère tí yóò fi bá ìwọ náà wí?

Jókòó, ká sọ̀rọ̀.

Mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀, kì í ṣe ti orí rọ́ọ̀lù rẹ o. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wo igun rẹ̀ kan: eyín ló já a. Ọ̀rá náà fà díẹ̀ kó tó já, ibi tó ti fà sì ti di funfun. Wo àárín rẹ̀ bó ṣe rún, torí ọwọ́ tó ń fún un kò tú u sílẹ̀ títí omi fi tán. Eruku pupa ti wọ ojú lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti ń ṣí, àfàìmọ̀ kí táyà má ti gùn ún kọjá. Ẹnì kan mu ìlàjì lítà omi nínú ohun tó wà níwájú rẹ yìí, kò lò tó ìṣẹ́jú méjì, ó jù ú láti ojú fèrèsé Micra, ó bá ti ẹ̀ lọ.

Ojú eyín yẹn ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ rẹ ń wá tí kò rí nínú iṣẹ́ rẹ. Tuntun tí o rà kò ní in. Ó mọ́ tónítóní, ó ń dán, kò sí ẹni tó jẹ̀bi lára rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síwájú ẹja rẹ yóò ní ó rẹwà, yóò yà á sí fóònù, yóò sì ra píọ̀ wọ́tà mu lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún igun tí eyín ti já, tó tún rí orúkọ omi tí òun alára mu láàárọ̀ níbi ìyẹ́ ẹja, ahọ́n rẹ̀ yóò lọ sí eyín rẹ̀ fúnra rẹ̀.

O dárúkọ El Anatsui lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú lẹ́tà rẹ, o ní òun ni àwòkọ́ṣe rẹ. Ó dára. Ọmọ Anyako ní orílẹ̀-èdè Gánà ni, ọdún 1944 ni wọ́n bí i, ọdún 1975 ló sì wá ń kọ́ni ní yunifásítì tó wà ní Nsukka. Igi ló ń gbẹ́, amọ̀ ló ń mọ, kó tó di pé, nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń lọ sópin, ó rí àpò kan nínú igbó nítòsí Nsukka, ìdérí ìgò ọtí líle ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó gbé e lọ sílé iṣẹ́, ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó mọ ohun tí yóò fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n ń lu ú, wọ́n ń fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀, títí ó fi di ohun ńlá tó ń wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ òkè. Ní 2015, àwọn tó ń ṣe ìpàtẹ ọnà ńlá ní Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní 2023, iṣẹ́ rẹ̀ ló gba gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern ní London. Ìdérí tí wọ́n ti ṣí ni gbogbo rẹ̀. Ọtí líle wà lára ọjà tí àwọn òyìnbó fi ń bá àwọn èèyàn etíkun wa ṣòwò láyé òwò ẹrú, Anatsui sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ká ló lọ bá iléeṣẹ́ ra ìdérí tuntun, irin tó ń dán ni ìbá kó wá fún wọn, ìtàn kankan ò ní bá a wá.

Ẹni tó tún sún mọ́ ohun tí ò ń ṣe jù ú lọ ni Ifeoma Anyaeji, tó kàwé ní Yunifásítì Benin. Ọ̀rá àlòkù ló ń lò. Ó ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lọ́ ọ, ó sì ń wé e, ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbà fi òwú kó irun gan-an ló ń gbà. Irun kíkó, tí ìyá rẹ àgbà mọ̀ dunjú, tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí sì ti pa tì torí wíìgì. Lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ kí o tó tún fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì.

Olùkọ́ rẹ ńkọ́? Èmi kò mọ̀ ọ́n rí, n kò sì bèèrè orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ní ọ̀rá àlòkù yóò ba òórùn ilé iṣẹ́ jẹ́, tó tún wá ní kí o kọ "Ẹ Yé Da Ìdọ̀tí Sódò" gàdàgbà sára pátákó, kí o gbé e sẹ́sẹ̀ ère, kí iṣẹ́ náà lè "sọ̀rọ̀", olúwarẹ̀ kò gba ère gbọ́ nìyẹn. Ṣé pátákó ló wọ́n wa ní Ìbàdàn? "Má Tọ̀ Síbí." "Má Da Ilẹ̀ Síbí." Abẹ́ wọn gan-an ni wọ́n ń tọ̀ sí, abẹ́ wọn náà ni ààtàn wà. Bí òórùn ló bá ń dà á láàmú, ọṣẹ kò wọ́n. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún un láti máa ronú o!

Kó wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, kò jìnnà. Nígbà tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger tí wọ́n bí ní Graz ní Ọ́sítríà ní 1915, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, àwọn kan ń gé igi ibẹ̀, àwọn kan ń dẹ ìgbẹ́, àwọn kan sì ń fojú ilẹ̀ títà wo ilẹ̀ òrìṣà. Òun àti Adébísí Àkànjí, tó ti ń ṣe bíríkìlà tẹ́lẹ̀, àti Kàsálí Àkàngbé, agbẹ́gilére, àtàwọn mìíràn, fi amọ̀, sìmẹ́ǹtì àti igi ṣe ère sí ẹnu ọ̀nà, sí ìdí igi, sí etí odò. Kò sí èyí tí wọ́n kọ "Má Gégi" sí lára nínú wọn. Ẹni tó gbé àáké wá bá ojú ńlá pàdé níbi tó rò pé kò sẹ́nì kankan. Igbó náà ṣì wà níbẹ̀. Ọdún 2005 ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé.

Mi ò sì fẹ́ kí o rò pé ère lè ṣe gbogbo nǹkan. Odò tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ère wọ̀nyẹn ti pọ́n báyìí, torí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi náà. Ère lé àwọn agégi àti àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ sẹ́yìn. Kò lè lé ohun tí omi ń gbé bọ̀ láti ibòmíràn. Fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí o bá ń kọ ìwé tí wọ́n ní kí o fi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ. Má ṣèlérí pé ẹja kan yóò tún Ìbàdàn ṣe.

O tún ní ìta, nínú ọgbà ilé ìwé, lo fẹ́ gbé e sí títí lọ. Rárá o. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó fi ọ̀rá funfun ṣe ère lékèélékèé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ère náà dára, n kò ní parọ́. Wọ́n gbé e síta gbangba, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, a lọ sílé. Oòrùn kò bá ọ̀rá ṣọ̀rẹ́, ṣe ló ń jẹ ẹ́ títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì máa ṣẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, ìyẹ́ lékèélékèé ti ń já bọ́ wẹ́wẹ́, òjò àkọ́kọ́ sì gbá a sínú gọ́tà. Ọ̀rá tí èèyàn ìbá fi ọwọ́ ṣà tẹ́lẹ̀ ti kéré ju ohun tí ọwọ́ lè ṣà lọ. Abẹ́ òrùlé ni kí tìrẹ wà, kí o sì mọ ọjọ́ tí wàá tú u palẹ̀ àti ẹni tí wàá kó o fún, nínú àwọn tó ń ra ike àti ọ̀rá àlòkù, kí o tó so ìrù rẹ̀ rárá.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí o fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ní kí wẹ́dà bá ọ jó irin àlòkù pọ̀ fún egungun ẹja, ọ̀rá ni kí o máa lọ́ kí o sì máa dì mọ́ ọn lára. Wọ ìbọ̀wọ́ bí o bá ń ṣà á. Rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ di ọjọ́ kejì, ṣàn án, sá a sí ibòji, kó gbẹ dáadáa, òórùn tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́ yóò lọ. Ojú ìránpọ̀ ni kí o ti là á, má gé igun tí eyín já kúrò. Kí o sì yé fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pọ̀ nínú yàrá tó há, bí o ṣe sọ pé o ń ṣe. Èéfín yẹn kò dára fún àyà rẹ.

Ibí ni mo fẹ́ fi í sí tí mo rí ohun tí o kọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn orúkọ rẹ, lẹ́tà kéékèèké: "Ìyá mi ń ta píọ̀ wọ́tà ní gáréèjì. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ò mọ̀."

Ọmọ mi.

Kì í ṣe òórùn lo sá fún nígbà náà. O kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ níbi tí o ti ń ṣa ọ̀rá lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ, bóyá o sì ń rò ó pé ìyá tó ń rán ọ nílé ìwé ni ẹja rẹ yóò nàka sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ ló dákẹ́ ní àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò, tí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé sì wà níbẹ̀ tó ń wò wá. Àwọn tó ń rọ omi sínú ọ̀rá kò bèèrè ọ̀rá wọn padà. Gáréèjì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ń wọ̀ lójúmọ́, ẹ wá ibi ìdalẹ̀sí kan níbẹ̀ tì. Ìdọ̀tí tó dí odò Ògùnpa, tó fi ya wọlé lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó gbé èèyàn lọ, kò sí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nínú rẹ̀. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ìyá rẹ fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, ó sì fi èrè rẹ̀ rán ọmọ nílé ìwé.

Sọ ohun tí ò ń ṣe fún un. Àwọn ìyá tó ń tajà ní gáréèjì mọ ohun tí olùkọ́ rẹ kò mọ̀: wákàtí tí ọ̀rá máa ń pọ̀ jù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń kó o jọ sí, ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́. Kó gbé àpò ìrẹsì òfìfo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà rẹ̀, kó máa sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n mu ún tán níbẹ̀, kí wọ́n sì ju ọ̀rá sí i. Yóò kún kí o tó padà dé láti ilé ìwé. Bí o kò bá sì fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ mọ ibi tó ti wá, má sọ fún wọn. Iṣẹ́ ìyá ẹni kì í ṣe ara ìdánwò.

Rọ́ọ̀lù kan tí o ti gé, má dà á nù. Fi kún ikùn ẹja níbi tí ojú kò tó. Èkejì tí o kò tíì tú, gbé e padà fún ẹni tí o rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, kò wúlò fún ẹlòmíràn, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní dá gbogbo owó padà. Gba èyí tó bá fún ọ, fi ra wáyà àti ìbọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ báǹkì tí bàbá rẹ ń sọ, kọ̀wé sí mi nípa ẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò.