Ọdún Wo Lẹ Fẹ́ Kí Wọ́n Jà?

Ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè tí ẹ máa ń kó ara yín jọ ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ń pariwo pé Anthony Joshua á lu Mike Tyson, tí ẹlòmíràn á fèsì pé Tyson á ti dá a dùbúlẹ̀ kí agogo kejì tó dún, mo ń gbọ́ yín. Mi ò ní kí ẹ dákẹ́. Iyàn yẹn dùn, àwa náà sì jiyàn tiwa. Lẹ́yìn tí Muhammad Ali gbé George Foreman ṣánlẹ̀ ní Kinshasa lóṣù kẹwàá ọdún 1974, ta ni ìbá borí bí Ali bá pàdé Joe Louis ló gba ẹnu wa kan. Àmọ́ ẹni tó bá ń jiyàn irú èyí láìdárúkọ ọdún, afẹ́fẹ́ ló ń kàn ní ẹ̀ṣẹ́.

Ẹ ti gun òkè wa, ẹ mọ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tó kéré jù fún un, kò sì sí èyí tó tóbi jù. Orí ìtàgé ẹ̀ṣẹ́ kò ní irú oore bẹ́ẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló gé tirẹ̀ bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mu. Rocky Marciano ja ìjà 49, ó borí gbogbo rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1956 láìfìdí rẹmi rí. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀ kò ju bíi kílò 85 lọ. Joshua tó bá Wladimir Klitschko jà ní Wembley lóṣù kẹrin ọdún 2017 wọn kílò 113. Bí Marciano bá gun òṣùwọ̀n lónìí, wọn ò ní kà á mọ́ hẹfíwéètì. Kíláàsì kúrúsà, tí Bash Ali tiwa ti gbajúmọ̀, ni wọn ó tì í sí, kíláàsì tí kò tíì dáyé nígbà tí Marciano ń jà.

Iye abala ńkọ́? Láyé ìgbà náà, abala 15 ni wọ́n fi ń du bẹ́líìtì àgbáyé. Ní 1982, lẹ́yìn tí ọmọ Korea kan, Duk Koo Kim, kú nítorí ẹ̀ṣẹ́ tó jẹ ní Las Vegas, ẹgbẹ́ WBC gé e sí 12, àwọn ẹgbẹ́ yòókù sì tẹ̀lé wọn. Ẹ wá wo ìjà Ali àti Joe Frazier ní Manila lọ́dún 1975. Ní abala 13 àti 14 ni Ali lu Frazier débi tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá, tí Eddie Futch tó ń tọ́ ọ sọ́nà fi ní ó tó, tí kò jẹ́ kó jáde fún ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Lábẹ́ òfin òní, kò sí abala 13 yẹn rárá, ìwé àwọn adájọ́ ni ì bá sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá ní Ali á lu Usyk ti òde òní, mo ní ó dáa, abala mélòó?

Ìṣirò yín ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Ẹ ní Klitschko lu Samuel Peter lẹ́ẹ̀mejì, Joshua lu Klitschko, ó parí, Joshua á lu Peter. Ta ló kọ́ yín? Frazier lu Ali ní 1971. Foreman gbé Frazier ṣubú nígbà mẹ́fà láàárín abala méjì ní Jamaica ní 1973. Bí ìṣirò yín bá tọ̀nà, kí ni Ali ń wá lọ sí Kinshasa? Ó lọ, ó sì borí ní abala kẹjọ.

Klitschko tí ẹ fi ń ṣe òṣùwọ̀n yẹn, orúkọ kan ni, ara kan kọ́. Ẹni ọdún 29 ni nígbà tó bá Peter, ọmọ Akwa Ibom, jà ní Atlantic City ní 2005. Peter gbé e ṣubú nígbà mẹ́ta, Klitschko ń dìde, àmì-ayò ló fi borí. Nígbà tí Joshua bá a, ó ti di ẹni ọdún 41, Tyson Fury ti lù ú, ó sì ti lé ní ọdún kan tí kò jà. Mi ò fi èyí bu Joshua kù o. Òun náà ṣubú ní abala kẹfà, ó dìde, ó parí iṣẹ́ ní ìkọkànlá. Ọmọ tó ní gbòǹgbò ní Ṣágámù kò dójú tì wá lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ parí iyàn yìí kí wọ́n tó bí bàbá ẹlòmíràn nínú yín. Ní 1967, ará Amẹ́ríkà kan, Murray Woroner, kó ìtàn àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò sínú kọ̀ǹpútà, ó ń gbé ìjà àfinúrò wọn sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò. Kọ̀ǹpútà ní Jim Jeffries, tó gba bẹ́líìtì ní 1899, lu Ali. Inú bí Ali, ó pe Woroner lẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n yanjú rẹ̀, Woroner mú Ali àti Marciano wọ iyàrá kan ní Miami ní 1969, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń jà níwájú kámẹ́rà. Ali kò ríjà jà nígbà náà, torí wọ́n ti gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ nígbà tó kọ̀ láti wọṣẹ́ ológun. Marciano ti lé lógójì ọdún, ó fi ìyà dín ara kù, ó sì dé irun àtọwọ́dá. Wọ́n ya oríṣiríṣi òpin sílẹ̀. Marciano kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, kò dúró gbọ́ èsì. Nígbà tí fíìmù jáde lóṣù kìíní 1970, àwọn ará Amẹ́ríkà rí èyí tí Marciano ti gbé Ali ṣánlẹ̀ ní abala 13, àwọn ará Yúróòpù sì rí èyí tí Ali ti borí. Kọ̀ǹpútà kan náà o! Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá tún fi géèmù orí fóònù ṣe ẹ̀rí fún mi.

Níbi tí ìgbà méjì ti pàdé lóòótọ́, kì í sábà dùn-ún wò. Louis, ẹni ọdún 37, tí gbèsè owó-orí lé padà sẹ́nu iṣẹ́, pàdé Marciano ní 1951. Àárín okùn ló gbà já bọ́ síta ní abala kẹjọ. Larry Holmes, tó ti ń bá Ali gbára dì nígbà kan rí, lu ọ̀gá rẹ̀ ní 1980 títí wọ́n fi dá ìjà náà dúró. Foreman nìkan ló já wa nírọ́, tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Michael Moorer ní 1994 nígbà tó ti pé ẹni ọdún 45. Ẹ̀yin náà fi fóònù wo Tyson ẹni ọdún 58 pẹ̀lú Jake Paul ẹni ọdún 27 ní 2024, mo sì rí i bí ẹ ṣe dákẹ́. Tyson tí ẹ ń pariwo rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Tiyín ni èyí tó gba bẹ́líìtì ní 1986, ọmọ ogún ọdún. Ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀.

Kò tiẹ̀ nílò ọdún púpọ̀ kí èèyàn tó di ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019, Andy Ruiz gbé Joshua ṣubú nígbà mẹ́rin ní New York, ó kó bẹ́líìtì rẹ̀ lọ. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, ní Saudi Arabia, Joshua fi bíi kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Òkèèrè ló ti ń na ọwọ́ òsì, ó ń yí ìtàgé po, kò jẹ́ kí Ruiz sún mọ́ ọn, ó sì fi àmì-ayò gba gbogbo rẹ̀ padà. Ruiz ní tirẹ̀ ti sanra sí i.

Bí ẹ bá wá bi mí nípa Peter àti Joshua, ìdáhùn méjì ni mo ní. Joshua oṣù kẹfà, tó dúró síwájú èèyàn tí wọ́n jọ ń pààrọ̀ ẹ̀ṣẹ́, Peter ti 2005 á dá a dùbúlẹ̀ kí abala kẹfà tó parí, torí lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ́ Peter wúwo ju ti Ruiz lọ. Joshua oṣù kejìlá, ọwọ́ Peter kò ní tó o títí agogo ìkẹyìn á fi dún. Ẹni tó bá fẹ́ já mi nírọ́, kó yà sílé lọ́la, kó sọ ọdún, kó sọ oṣù, kó sọ iye abala. Kó sì mú obì dání.