Ṣé Owó Ìfẹ̀yìntì Mi Náà Wà Nínú Owó-Orí?

Ìbéèrè: Oníṣẹ́ oṣù ni mí ní Imota, ₦125,000 ni mò ń gbà. Ṣé wọ́n ń gba owó-orí lórí owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ ń gba ₦1,500,000 lọ́dún. Ìdá 8 nínú 100 tó ń wọ àpò ìfẹ̀yìntì yín, ₦120,000, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 tún ní kí ẹ yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí ẹ ń san, kó má ju ₦500,000 lọ. Bó bá jẹ́ ₦300,000 lẹ ń san, ₦60,000 nìyẹn. Ó ku ₦1,320,000. Wọn kì í fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 nínú 100 lórí èyí tó kù jẹ́ ₦78,000. Láìyọ nǹkan kan, ₦105,000 ni ẹ ò bá san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé yín.