Ajá Kì Í Ṣe Màlúù Oko

Djama,
Atakpamé.

Ọlá, ọmọ àbúrò mi,

Mo rí àwòrán bẹ́líìtì ajá mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní kí n sọ èyí tí o máa rà nínú wọn, o sì ní kí n má fi ohùn ránṣẹ́, torí ohùn mi máa ń gùn. Ó dáa náà. Lẹ́tà rèé. Awakọ̀ tó ń ná Lomé ló máa bá mi fi lé ọ lọ́wọ́, má sì jẹ́ kó gba owó lọ́wọ́ rẹ, mo ti fún un níṣu méjì.

Kí n tó dé orí bẹ́líìtì àyà tí ẹ̀yin ará Lomé ń pè ní harnais, jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí gbogbo àdúgbò rí nígbà Àjíǹde tí o mú Kọmáńdà, ajá rẹ, wá kí wa. O ń sọ̀ kalẹ̀ láti ilé wa lọ sí ọjà. Ìwọ kọ́ lò ń rìn, wọ́n ń fà ọ́ ni. Okùn wà lọ́rùn ajá, ajá na ọrùn síwájú, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó ń dún bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé ṣé Ògún la fẹ́ fi bọ ni. Má bínú sí i. Nílùú wa, ajá kì í wọ okùn tí wọ́n bá ń mú un lọ síbi ire. Ajá ọdẹ ń lọ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ṣaworo ọrùn rẹ̀ ló ń sọ ibi tó wà. Ajá ilé ń sùn sẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí wọ́n bá so tí wọ́n ń wọ́, ojúbọ ló ń lọ, òun náà sì mọ̀, ìyẹn ló fi máa ń fà sẹ́yìn. Tìrẹ ń fà síwájú. Ohun tó pa obìnrin náà lẹ́rìn-ín nìyẹn. O tún sọ ajá ní Kọmáńdà, o wá ń ṣe kàyéfì pé ó ń pàṣẹ fún ọ.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìró ọ̀fun ajá yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ṣé o tiẹ̀ mọ ìtàn ohun tí o rà? Lédè àwọn tó dá a sílẹ̀, bulldog lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ajá akọ màlúù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, wọ́n á so akọ màlúù mọ́lẹ̀, wọ́n á tú ajá sí i kó gbá a nímú mú, àwọn èrò ìwòran á máa ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Ọdún 1835 ni wọ́n tó fòfin de eré ìkà yẹn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ajá, ó di ajá inú ilé, àwọn tó ń sìn ín sì ń yan èyí tí imú rẹ̀ kúrú jù láti fi bímọ, ìran dé ìran, títí imú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ojú lọ. Ṣùgbọ́n eegun imú nìkan ló kúrú, ẹran inú rẹ̀ kò bá a kúrú. Èyí tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu gùn ju àyè tó ní lọ, ihò imú há, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni gògóńgò wọn tún tóóró. Ajá yìí ti ń fi ìnira mí kí o tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Akọ rẹ̀ tó dàgbà a máa tó kílò 25. Ìwọ wá fi okùn sí i lọ́fun, ó sì gbé gbogbo kílò yẹn lé okùn náà lórí òkè Atakpamé. Kò sí ohun tí o ń rò tẹ́lẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n máa rò ó báyìí.

Ojú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 2006, àwọn oníṣègùn ẹranko kan ní Amẹ́ríkà wọn bí omi inú ẹyinjú ajá 26 ṣe ń le tó nígbà tí wọ́n bá ń fà. Nígbà tí okùn wà lọ́rùn wọn, ó le sí i. Nígbà tí wọ́n wọ bẹ́líìtì àyà, kò yí padà. Kọmáńdà tí ojú rẹ̀ ti yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ kò nílò ohun tó máa tún tì í láti inú. Nítorí náà, okùn ọrùn wà fún orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ, kò sí ohun mìíràn tí a ó so mọ́ ọn.

Ó ku àwòrán mẹ́ta. Àmọ́ mo fẹ́ kí o mọ ibi tí mo dúró sí kí n tó bá ọ yàn.

O gbọ́ tí wọ́n ń pè mí ní Bàbá Onímàlúù, o sì rò pé mo ní agbo ẹran rí. N kò ní màlúù kankan. Káfíńtà ni mí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín 1980 sí 1990, wọ́n ń rọ àgbẹ̀ Tógò pé kí wọ́n fi màlúù túlẹ̀ dípò kí wọ́n máa fi ọkọ́ ṣẹ́ ẹ̀yìn ara wọn, ètò tó sì ń bójú tó o, PROPTA, Atakpamé níbí ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Àwọn àgbẹ̀ nílò àjàgà, èmi ń gbẹ́ ẹ. Màlúù wa kéékèèké, kò rí bí èyí tó wà nínú ìwé, nítorí náà èèyàn gbọ́dọ̀ lọ wọ̀n ọ́n ní abúlé kó tó fàáké kan igi. Nígbà kan, ọ̀lẹ mú mi. Ojú ni mo fi wọn akọ màlúù kan, mo gbẹ́ àjàgà, mo fi ránṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí egbò fi là sílẹ̀ ní gbàlà-gbala lẹ́yìn ọrùn ẹran náà, òjò àkọ́rọ̀ sì kọjá lórí oko ẹni ẹlẹ́ni. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ṣì ń pàdé ọmọ àgbẹ̀ náà lọ́jà, mo sì máa ń kọ́kọ́ kí i.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kọ́ mi ní èyí tó kàn ọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò ní ibi tí àjàgà lè jókòó sí, nítorí náà awọ tó fẹ̀ la máa ń gbé kọ́ ọ láyà. Bí awọ yẹn bá ga jù, ó ń tẹ ọ̀fun. Bó bá wálẹ̀ jù, ó ń gbá ẹsẹ̀. Bó bá wà ní ibi tó tọ́, lórí eegun igẹ̀ gan-an, ara á tu ẹran, ẹran á sì fà á. Kò sí ohun tó ń fún ẹranko lágbára láti fà bí ohun tó bá a lára mu.

Wá wo àwòrán rẹ àkọ́kọ́, pupa yẹn tó dùn-ún wò, tí òrùka irin rẹ̀ wà lẹ́yìn. Kò ní pa ọ̀fun rẹ̀ lára, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wọ̀ fún ajá ilẹ̀ oníyìnyín tó ń fa ẹrù: ìwọ̀n á wà láyà, okùn á wà lẹ́yìn, ọ̀nà á ṣí sílẹ̀ níwájú. Tí o bá rà á, o ti di Kọmáńdà mọ́ irin ìtúlẹ̀, ìwọ sì ni irin náà. Òun á rò pé iṣẹ́ lo gbé fún òun.

Ìkejì, èyí tí okùn tín-ín-rín rẹ̀ gba abíyá kọjá tó sì ń fún mọ́ ọn bó bá ṣe ń fà, má rà á. Ìrora ló fi ń ṣiṣẹ́, abíyá bulldog kò sì ní irun tó máa gbà á sílẹ̀. Ó máa bó. N kò fẹ́ rí egbò mìíràn láyé mi tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi so ẹranko ló dá a.

Ìkẹta ni mo fọwọ́ sí, èyí tó ṣe bíi lẹ́tà Y níwájú, tó ní òrùka kan lẹ́yìn àti òrùka kan láyà. Òrùka àyà yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ti bá akọ màlúù ṣe rí mọ̀ pé a kì í fi agbára dá a dúró, a máa ń yí i lójú ni. Bí Kọmáńdà bá ta síwájú, okùn á fa igẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa rí i pé ojú òun ti wà lọ́dọ̀ rẹ dípò ibi tí òun ń lọ. Fífà kò wá lérè mọ́. Ọ̀pọ̀ ajá máa ń dín in kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn, á tún máa dán ọ wò.

Àwọn tó ń tà á máa sọ fún ọ pé irú Y yẹn kì í dí èjìká ajá lọ́wọ́ rárá. Èmi náà ti gbà á gbọ́ rí. Ní 2019, àwọn olùwádìí kan wọn bí ajá ṣe ń na èjìká nígbà tó ń rìn àti nígbà tó ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n rí i pé irú èyíkéyìí tí wọ́n wọ̀ fún un ló dín nínà náà kù, Y yìí ló tiẹ̀ dín in kù jù. Nítorí náà, má gba orúkọ gbọ́. Wọ̀ ọ́ fún un, kí ẹnìkan mú un rìn níwájú rẹ, ìwọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá kúrú ju ti ìgbà tí kò wọ nǹkan, kò bá a mu.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó rán èyí tó wà nínú àwòrán, ajá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán an fún. Orí bulldog tóbi bí orí ìkòkò, ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó orí, àyà rẹ̀ dàbí ilẹ̀kùn, ìdí rẹ̀ wá kéré. Èyí tí a bá ní ká gba orí bọ̀ máa há, yóò sì kórìíra rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Wá èyí tí ọrùn rẹ̀ ń ṣí, tí a lè dín tàbí fẹ̀ ní ọrùn àti ní àyà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí o bá sì wọ ilé ìtajà, sọ pé bulldog ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ti Faransé kéré sí i gan-an, bouledogue kan náà sì ni wọ́n ń pe méjèèjì ní Lomé. O ò ní fẹ́ ra agbádá ọmọdé fún Kọmáńdà.

Yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀. Ìdí ọrùn ni kí o wọ̀n, níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká, kì í ṣe abẹ́ etí. Lẹ́yìn náà, yí àyà ká níbi tó ti tóbi jù, ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú. Bó bá wọ̀ ọ́ tán, ìka rẹ méjì gbọ́dọ̀ lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo, kí bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ sì jìnnà sí abíyá tó ìka mẹ́ta. Kí o tó gbé e jáde, dúró níwájú rẹ̀ nínú ọgbà, kí o rọra fà á sọ́dọ̀ rẹ. Á tẹ orí wálẹ̀, á fà sẹ́yìn. Bó bá lè bọ́ nínú ọgbà, á bọ́ lójú títì, àwọn ọlọ́kadà Lomé kì í dúró. Ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún ni, ìyá ẹlẹ́kọ á wá ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́líìtì kò lè kọ́ ọ ní ìwà. Ajá ń fà torí pé fífà ń gbé e débi tó ń lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí okùn bá ti le, dúró bí igi. Má já okùn, má pariwo. Bó bá wẹ̀yìn wò ọ́ tí okùn dẹ̀, gbéra, kí o fún un ní ẹja gbígbẹ díẹ̀, èyí tí kò ju èékánná lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, o ò ní kọjá ilé ẹnì kẹta. Àwọn aládùúgbò á rò pé nǹkan ń ṣe ọ́. Kíkọ́ màlúù gba àkókò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó rò pé nǹkan ń ṣe wá.

Òkè wa wá ń kọ́? O ní o máa mú un wá fún Ọdún Iṣu nínú oṣù kẹjọ. Ahọ́n ni ajá fi ń lé ooru jáde, ẹni tí imú àti ọ̀fun rẹ̀ sì há kò lè lé e tó. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Britain ní 2020 rí i pé ó tó ìlọ́po 14 bí ooru ṣe máa ń kọlu bulldog ju Labrador lọ. Máa mú un rìn kí oòrùn tó yọ àti lẹ́yìn tó bá wọ̀, gbé omi dání. Bí mímí rẹ̀ bá ti ń dún bí ayùn, ẹ dúró níbòji. Bí ahọ́n bá ṣú bí aró, da omi sí i lára, kí o gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Láti ibùdókọ̀ dé ilé wa níbí, gbé e sínú ọkọ̀. Ojú kò ní tì ọ́ ju ti Àjíǹde lọ.

Kó má bàa di pé o kò rí èyí tó bá a mu rà, mo ti fi àwòrán kẹta han aránbàtà tó wà nítòsí ọjà. Mo ní kó fi bẹ́líìtì àga ọkọ̀ àlòkù rán an, èyí tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta tí kì í já, kó fi aṣọ òwú sí inú rẹ̀, kó sì rán ìdí òrùka méjèèjì ní ìlọ́po méjì. Kọ nọ́ńbà méjèèjì, ti ọrùn àti ti àyà, sẹ́yìn lẹ́tà yìí, kí o dá a padà fún awakọ̀. Wọ̀n ọ́n kó tó jẹun. Má fojú wọ̀n ọ́n o.

Aránbàtà náà wo àwòrán títí. Ó ní òun kò rán ẹ̀wù fún ajá rí, pé kí n mú owó wá ná.

Èmi ni,
Bàbá Onímàlúù.